Àǹfààní tó wà fún àgbàlagbà nínú owó ìlò ilẹ̀ l'Ékòó

Yorùbá ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lọ́dọọdún ni ìwé owó ìlò ilẹ̀ ń bá àwọn bàbá àti ìyá arúgbó nínú ilé tí wọ́n fi òógùn ojú wọn kọ́, bí owó oṣù tilẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Owó yìí ni tẹrú-tọmọ mọ̀ sí Land Use Charge. Òfin ọdún 2001 ló dá a sílẹ̀, tó sì pa àwọn owó orí ilé tí wọ́n ń gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Ní ọdún 2018, nígbà ìjọba Akínwùnmí Ambode, owó náà lọ sókè débi pé àwọn onílé, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò fárígá. Ìjọba dín in kù nínú oṣù Kẹta ọdún náà. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ìjọba Babájídé Sanwó-Olú tún dín in kù, wọ́n sì fojú fo owó ìtanràn ọdún 2017 sí 2019.

Àtúnṣe ọdún 2020 yìí ló yẹ kí àgbàlagbà di mú. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀ kò ní san owó náà rárá. Kì í ṣe ẹni tó ṣiṣẹ́ ìjọba nìkan ni èyí wà fún. Ẹni tó fẹ̀yìn tì níléeṣẹ́ aládàáni wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti pé 60 ọdún tí kò sì ṣe iṣẹ́ tàbí òwò tó ń mówó wọlé mọ́. Aránṣọ, alágbẹ̀dẹ tàbí ìyá aláta tí kò gba owó ìfẹ̀yìntì rí láyé rẹ̀ lè jẹ àǹfààní náà.

Ẹni tó lé ní 70 ọdún ṣùgbọ́n tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò pàdánù pátápátá. Ẹ̀dínwó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún wà fún un lórí ilé tó ń gbé. Ilé tó ti lé ní ọdún 25 náà ní ìdá 10 tirẹ̀.

Ibi tó ti máa ń ta kókó ni ọ̀rọ̀ ayálégbé. Ká ní ilé kan tó N20 mílíọ̀nù. Òfin á kọ́kọ́ yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò ku N12 mílíọ̀nù. Bí onílé nìkan ló ń gbé ibẹ̀, nǹkan bíi kọ́bọ̀ 4 ni wọ́n ń gbà lórí N100 kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N4,728. Bí onílé àti ayálégbé bá jọ ń gbé ibẹ̀, ó di N15,840. Fún àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì, ilẹ̀ oko kò ju kọ́bọ̀ 1 lórí N100 lọ.

Owó ìrànwọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ní Èkìtì, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó aláìní tó ti lé ní 65 ọdún ní N5,000 lóṣooṣù ní ọdún 2011. Ní Ọ̀ṣun, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń san N10,000 nínú ètò Àgbà Ọ̀ṣun. Owó Èkìtì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí Fáyẹmí kúrò lórí àlééfà ní ọdún 2014. Àwọn tí wọ́n fi ń ra oògùn àti gàárì mọ ohun tó já gbà lọ́wọ́ wọn.

Owó yẹn, wọ́n ń gbé e wá fún arúgbó ni. Ti owó ìlò ilẹ̀, arúgbó ló máa lọ bèèrè, nítorí ìwé owó kò mọ ọjọ́ orí onílé. Ẹni tó bá sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, owó ìtanràn ni yóò máa gun orí owó.

Nítorí náà, kí ìwé náà tó pẹ́ nílẹ̀, ó yẹ kí àgbàlagbà tàbí ọmọ rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn tó fi í ránṣẹ́. Kí wọ́n mú ẹ̀rí ọjọ́ orí, ìwé ìfẹ̀yìntì bó bá wà, àti ìwé ilé dání. Bí orúkọ olóògbé bá ṣì wà lórí ìwé ilé, kí ẹbí tètè yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.