Ọ̀nà kan ò wọjà: Bí ilé-iṣẹ́ kéékèèké l'Ábẹ́òkúta ṣe lè fi fóònù àti ojúkojú kọ́ òṣìṣẹ́ wọn

Ọ̀kan lára ohun tó máa ń dun ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jù ni kó náwó rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́, kí onítọ̀hún padà dé tòun ti ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ má yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Owó ọkọ̀ ti lọ, owó hòtẹ́ẹ̀lì ti lọ, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sì ti dúró nílé. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù kejì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń kù lórí òṣìṣẹ́ náà nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ láti Abẹ́òkúta sí Èkó sì fò sókè, irú ìnáwó báyìí ti wúwo ju ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá, láti Òṣíẹ̀lẹ̀ dé Ewékorò, lè máa gbé lọ.

Èyí ló mú kí ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ kan tó ti ń gbilẹ̀ káàkiri àgbáyé di ohun tó yẹ káwọn onílé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá yẹ̀ wò dáadáa. Blended learning làwọn olóyìnbó ń pè é. Ní Yorùbá, ẹ̀kọ́ àmúlùmálà ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ yóò kọ́ apá kan iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lórí fóònù, kọ̀ǹpútà tàbí ìwé, lásìkò tó bá rọrùn fún un, yóò sì kọ́ apá kejì lójúkojú, níwájú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣètò apá méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ọ̀kan lè máa ṣe ohun tí ìkejì ò lè ṣe. Ọ̀gá tó kàn ṣí ẹgbẹ́ WhatsApp lẹ́yìn tí sẹminá parí kò tíì ṣe ẹ̀kọ́ àmúlùmálà.

Kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa

Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun lèyí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà láàárín wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ti kàwé ní Baptist Boys' High School l'Ábẹ́òkúta rí, ń ṣòwò lọ́wọ́ nígbà tó ń kàwé nílé fún oyè B.Com ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó gbà ní 1944. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná, káwọn tíṣà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lè máa kẹ́kọ̀ọ́ sí i láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Tíṣà yóò ka ìwé rẹ̀ nílé, yóò sì lọ bá olùkọ́ ní ibùdó ẹ̀kọ́ lópin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi. Ẹ̀kọ́ àmúlùmálà gan-an nìyẹn, kí fóònù alágbèéká tó dé Nàìjíríà rárá.

Bákan náà ni ti National Open University, NOUN. Ọdún 1983 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, àwọn ológun ti í pa lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì jí i dìde ní 2001. Abẹ́òkúta wà lára ìlú tí yunifásítì náà ní ibùdó ẹ̀kọ́ sí. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀, ọmọ bíbí Òwu, di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò nípò ààrẹ, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Krístì ní 2018.

Ohun tó wá sọ ọ́ di kàn-ń-pá fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni àrùn Kòrónà. Ẹ ó rántí pé ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àrùn náà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́jọ́ 27, oṣù kejì, 2020, jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó wá síléeṣẹ́ símẹ́ńtì l'Éwékorò nítorí iṣẹ́. Kò ju oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí ìsémọ́lé fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ọmọ iléèwé ń gbẹ̀kọ́ lórí tẹlifíṣàn OGTV, àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn sì gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèpàdé lórí fóònù. Nígbà tí ìlú ṣí padà, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ti rí i pé ohun púpọ̀ wà tí òṣìṣẹ́ lè kọ́ láìjẹ́ pé ó wọkọ̀ lọ síbì kankan.

Fóònù nìkan ò tó

Àmọ́ ibẹ̀ gan-an làwọn mìíràn ti ṣìnà. Wọ́n rò pé bí fídíò bá ti wà lórí fóònù, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn. Ìwádìí kan tí ìwé àtìgbàdégbà Science gbé jáde ní 2019 yẹ àwọn ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Yunifásítì Harvard àti MIT wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀ ní 2017 sí 2018, nǹkan bíi mẹ́ta péré ló kà á dópin. Lára àwọn tó sanwó fún ìwé ẹ̀rí pàápàá, àwọn tó parí rẹ̀ kò tó ìdajì. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà débi tó fi forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá kàn fi fídíò ránṣẹ́ sí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́?

Ìròyìn mìíràn tún wà láti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n tún ṣe ní 2010. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé àwọn tó fi íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kẹ́kọ̀ọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sáwọn tó jókòó sí kíláàsì, ṣùgbọ́n àwọn tó da méjèèjì pọ̀ ṣe dáadáa ju àwọn oníkíláàsì lọ. Wọ́n wá kìlọ̀ pé ẹ̀rọ kọ́ ló dá iṣẹ́ náà ṣe o. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó da méjèèjì pọ̀ tún ní àkókò àti ohun èlò ẹ̀kọ́ tó pọ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún onílé-iṣẹ́ ni pé bó bá jẹ́ torí kó lè dín àkókò ìkọ́ṣẹ́ kù pátápátá ló ṣe fẹ́ lo fóònù, ó ṣeé ṣe kó má rí èrè kankan níbẹ̀.

Ìdí mìíràn ni ìgbàgbé. Láti 1885 ni onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ti fi hàn pé kíákíá lènìyàn ń gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, pàápàá láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́, àti pé ohun tí a bá ń padà sí léraléra ló ń pẹ́ lọ́kàn. Sẹminá ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ò lè ṣe èyí. Ìbéèrè mẹ́ta lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ajé lè ṣe é.

Bí wọ́n ṣe ń pín in

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ tí gbogbo Ẹ̀gbá mọ̀ ṣàpẹẹrẹ. Ká ní aláàdìrẹ kan n'Ítòkú gba òṣìṣẹ́ tuntun mẹ́rin. Àwọn ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lè lọ sórí fóònù: orúkọ àwọn aró, iye ìwọ̀n kọ́sítíkì sódà àti háídírò tí wọ́n ń lò, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti oníko, iye tí wọ́n ń ta aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ó lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kó sì fi ránṣẹ́. Nínú rẹ̀ ni yóò ti tẹnu mọ́ ọn pé omi la kọ́kọ́ ń bù ká tó rọra da sódà sí i, pé ẹni tó bá da omi lé sódà lórí, ó lè ta sí i lójú, àti pé ìbọ̀wọ́ kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí fóònù ò lè kọ́ni. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró ẹ̀lú máa ń ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n tún un rì, ojú ló ń mọ̀ ọ́n. Bí okùn ṣe gbọ́dọ̀ le tó lára aṣọ, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé, níbi tí ọ̀gá yóò ti dúró tì wọ́n. Nítorí pé wọ́n ti gbọ́ àlàyé ṣáájú, kò ní í fi gbogbo àárọ̀ sọ̀rọ̀. Ìṣe ni wọn yóò bọ́ sí.

Níbi tí ẹ̀rọ bá wà, ọ̀rọ̀ náà tún kọjá èrè. Òfin Factories Act ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ eléwu àyàfi tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ewu ibẹ̀ fún un, tí wọ́n sì ti kọ́ ọ tó, tàbí kó wà lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Fún àwọn tó ń fọ́ òkúta, tó ń lagi, tàbí tó ń ṣe búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá, fídíò lè ṣáájú, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ọ̀gá tó dúró nídìí ẹ̀rọ. Ìka tí ẹ̀rọ bá gé kì í hù padà.

Ìṣirò owó ibẹ̀

Ká sọ pé òṣìṣẹ́ mẹ́wàá lọ fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá dípò rẹ̀ fi ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù fún ọjọ́ mẹ́wàá, wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú ni fún ẹnì kan. Tí wọ́n bá fi ọjọ́ kan ìkọ́ṣẹ́ ojúkojú kún un, gbogbo rẹ̀ fún ènìyàn mẹ́wàá ò ju nǹkan bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá lọ. Ọ̀gá tó gbọ́n yóò fi lára ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tó ṣẹ́kù ṣe ìkọ́ṣẹ́ ojúkojú ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó ti wọlé ti máa ń hàn.

Owó kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè. Láti 1971 ni ìjọba ti dá àjọ ITF, Industrial Training Fund, sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2011, ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí òwò rẹ̀ tó mílíọ̀nù 50 náírà lọ́dún bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ tó márùn-ún, gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù ọdọọdún fún àjọ náà. Bí àjọ náà bá gbà pé ẹ̀kọ́ tí ilé-iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kún ojú òṣùwọ̀n, ó lè dá tó ìdajì owó ọ̀hún padà.

Bí àpẹẹrẹ, ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá, tó ń san ₦77,000 tí Ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí lọ́dún 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù, ń ná ₦9,240,000 lórí owó oṣù lọ́dún. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦92,400, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ₦46,200. Ẹni tó bá fẹ́ gba irú owó bẹ́ẹ̀ ní láti ní àkọsílẹ̀: ta ló kẹ́kọ̀ọ́, lọ́jọ́ wo, kí ni wọ́n kọ́, kí ni èsì ìdánwò wọn. Kó sì lọ bèèrè ní ọ́fíìsì àjọ náà l'Ábẹ́òkúta kó tó bẹ̀rẹ̀, dípò kó dúró dìgbà tó bá parí.

Ta ni yóò san owó dátà?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti máa ń dìjà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́. Nínú oṣù kìíní, 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i káwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdajì kún owó tí wọ́n ń gbà. Bí ọ̀gá bá wá ní kí òṣìṣẹ́ máa fi owó ara rẹ̀ ra dátà, kó sì máa fi alẹ́ rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, ìnáwó ilé-iṣẹ́ ló gbé lé òṣìṣẹ́ lórí yẹn. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ̀kọ́ náà wà láàárín àkókò iṣẹ́, kí ilé-iṣẹ́ sì san owó dátà. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kì í jẹ dátà tó fídíò, òṣìṣẹ́ tí ò mọ̀wé kà náà sì lè gbọ́ ọ. Ibi tí iná mànàmáná ò bá ti dúró, ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ síta ṣì wúlò, bíi tàwọn tíṣà ọjọ́un.

Fún ilé-iṣẹ́ tí ò lágbára láti dá gba olùkọ́, ìtàn Ẹ̀gbá ti fi ọ̀nà hàn. Àáró ni ìtàn sọ pé Lísàbi fi kó àwọn àgbẹ̀ jọ, tí wọ́n ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ìtajà oògùn márùn-ún tàbí aránṣọ mẹ́fà lè dáwó pọ̀, kí wọ́n gba olùkọ́ kan, kí wọ́n jọ lo ohùn kan náà lórí fóònù, kí ìkọ́ṣẹ́ ojúkojú sì máa yí láti ṣọ́ọ̀bù kan sí òmíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àṣìṣe ti ń pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kó ka iye àṣìṣe náà fún oṣù kan kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tún un kà ní oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀. Bí iye náà bá dín kù, ẹ̀kọ́ ti wọlé. Bí kò bá dín, kó yí bó ṣe pín in padà. Ìwé ẹ̀rí lè wà lára ògiri o, ṣùgbọ́n ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni oníbàárà ń wò.