Ọ̀bẹ Àpò Tó Lè Bá Ọ̀sà Gbé: Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

Lọ́jà Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́, àdá ni ojú kọ́kọ́ ń bá. Wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ lórí ọ̀rá, àwọn kan ní àwòrán ọ̀nì lára, àmì ilé-iṣẹ́ Ralph Martindale ti Birmingham tí àwọn àgbẹ̀ wa ti mọ̀ tipẹ́. Ọkọ́ tẹ̀ lé e, fáìlì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òkúta ìpọ́nbẹ àti páláyà. Inú abọ́ oníke kan ni ohun tí mo wá wò wà: ọ̀bẹ àpò aláwọ̀ pupa, èyí tí wọ́n ń ká irinṣẹ́ oríṣiríṣi sínú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tà á ṣí wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: ojú ọ̀bẹ, ayùn kékeré, àlùmọ́gàjí, ìṣígo, sukudíráfà, títí dórí ṣíbí.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tí kò lè ṣe," ló wí.

Mo fi ìka méjì mú ojú ọ̀bẹ náà, mo mì í díẹ̀. Ó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì láti ìdí. Àmì àgbélébùú wà lára èèkù rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kankan ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀bẹ, níbi tí Victorinox, ilé-iṣẹ́ Switzerland tó ń ṣe ojúlówó rẹ̀, máa ń tẹ orúkọ tirẹ̀ sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, mo dá a padà.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ọ̀bẹ àpò ni pé iṣẹ́ ibi tí èèyàn wà ló yẹ kó yan ọ̀bẹ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni irú ọ̀bẹ àpò yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Switzerland gba ìbọn tuntun tí wọ́n nílò sukudíráfà láti tú, oúnjẹ wọn sì ń wá nínú agolo. Ní 1891, Karl Elsener, olùdásílẹ̀ Victorinox, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ fún wọn: ojú ọ̀bẹ kan, ìṣí-agolo, sukudíráfà, àti irin tí wọ́n fi ń lu ihò. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí kò níṣẹ́. Kí wá ni iṣẹ́ tiwa létí ọ̀sà?

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ oníyanrìn ti ń gúnlẹ̀. Yanrìn wà lára okùn, lára aṣọ, nínú irun àwọn tó ń kó o. Ọ̀sà Èkó tó tẹ́ lọ níwájú wọn kì í rí bákan náà jálẹ̀ ọdún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gba ẹnu èbúté Èkó wọlé, omi ọ̀sà á níyọ̀. Tí òjò bá dé, odò Ògùn àti àwọn mìíràn á ya wọ inú rẹ̀, iyọ̀ náà á dín kù. Irin tètè ń mọ ìyàtọ̀ yìí. Irin tí wọ́n ní kì í dípẹtà pàápàá kò bọ́ pátápátá. Kúrómíọ́mù tó wà nínú rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 10.5%. Ti ojú ọ̀bẹ Victorinox tó bí 15%. Ti irin 420HC, tí ilé-iṣẹ́ Leatherman ń fi ṣe ọ̀pọ̀ lára ọ̀bẹ tirẹ̀, tó bí 13%. Méjèèjì tó. Àmọ́ ìdí ọ̀bẹ, níbi tí irin ti ń yí lórí irin, ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí irinṣẹ́ inú ọ̀bẹ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ihò tí yanrìn àti iyọ̀ lè sá sí ṣe pọ̀ tó. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó yanrìn fi tirẹ̀ hàn mí: ọ̀bẹ tí kì í ká rárá, tó fi rọ́bà táyà wé ní èèkù. Mi ò rí àléébù kankan lára rẹ̀.

Ọkọ̀ gbé wa gba Ìmọ̀ta àti Àgbówà dé Ìtóìkín. Oko ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún lósì. Kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀, kò sí ọ̀bẹ àpò tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àdá níbẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ lóko ni kó gé okùn àpò ajílẹ̀, kó bó ọsàn. Ẹ̀mú tín-ín-rín tí wọ́n máa ń fi sínú èèkù Victorinox sì wà fún ẹ̀gún tó bá gúnni lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin kò ṣeé fojú fò. Òfin ìdigunjalè ilẹ̀ wa ka àdá, ọ̀bẹ aṣóró, àní irin tàbí igi tí wọ́n lè fi ṣeni léṣe, mọ́ ohun ìjà. Nítorí náà, inú àpò ìpẹja, pẹ̀lú ìwọ̀ àti okùn, ni mo máa ń kó tèmi sí. Mi ò jẹ́ fi kọ́ ìgbànú wọ ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, òfin tiyín tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀bẹ tó ń ká, tí ẹnu rẹ̀ kò ju íǹṣì 3 lọ, tí kò sì ń tì pa, nìkan lẹ lè mú rìn láìsí ìdí gúnmọ́.

Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Àrọ̀, ọ̀bọ̀kún àti ẹpìyà kún inú abọ́, ilẹ̀ ń yọ̀, ohùn àwọn tó ń ná ọjà gba gbogbo ibẹ̀ kan. Mo dúró ti ìyá kan tó ń gé ẹja fún oníbàárà, mo kí i pé, "Màmá, ẹ kú ọjà o." Ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀, ó dúdú, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni, irú èyí tí wọ́n ń fi irin sípíríǹgì ọkọ̀ rọ. Irin bẹ́ẹ̀ tètè ń dípẹtà, ṣùgbọ́n ó tún tètè ń gba ẹnu lórí òkúta. Ẹni tó bá sì ń lò ó láràárọ̀, tó ń nù ún, kò ní jẹ́ kí ìpẹtà ráyè. Mo fi ọ̀bẹ àpò mi lọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ tí ikun ẹja bò dì í mú, ó yí i wò, ó dá a padà.

"Ọmọ mi, èyí á gé mi lọ́wọ́."

Òótọ́ ló sọ. Oníke dídán ni èèkù rẹ̀, ikun àrọ̀ sì ń mú kó yọ̀. Kò sí ohun tó ti ojú ọ̀bẹ náà pa, nítorí náà bó bá kọ́ egungun, ó lè ká lé ìka lórí. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Èèkù yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ olùrà kì í wò. Àwọn ọmọ ogun Switzerland náà yí tiwọn padà ní 2008, wọ́n mú èyí tó ń tì pa, tó sì ṣeé fi ọwọ́ kan ṣí.

Létí omi, ọkùnrin kan tẹ̀ mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Okùn àwọ̀n àti ewéko ojú omi, irú èyí tó wọ omi wa ní àwọn ọdún 1980, ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà. Ó fi ọ̀bẹ eléyín gé okùn, ṣùgbọ́n páláyà ló fi fa ìyókù jáde. Páláyà yìí kan náà ni àwọn apẹja fi ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, òun ni wọ́n fi ń tẹ wáyà. Ohun tí Tim Leatherman, olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Leatherman, ṣaláìní nìyẹn ní 1975, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń fi ògbólógbòó Fiat rin ilẹ̀ Yúróòpù, tó ní ọ̀bẹ àpò lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní páláyà. Ní 1983 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀bẹ oní-páláyà tó ṣe.

Odò Ọ̀ṣun ń dà sínú ọ̀sà Lẹ́kì, nítorí náà omi ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀pẹ́ kò níyọ̀ tó ti Ìkòròdú. Ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ lè pẹ́ níbẹ̀. Fún ẹja gígé, òun ni mo mú, mi ò fi ọ̀bẹ àpò kankan pààrọ̀ rẹ̀. Fún ọkọ̀ ojú omi, mo mú irú ti Leatherman Wave: páláyà láàárín, ojú ọ̀bẹ tó ṣeé fi ọwọ́ kan ṣí, tó ń tì pa. Ó wúwo, ó tó gíráàmù 240, ó sì wọ́n. Síbẹ̀ mo mú un. Ẹ so okùn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ gé sílípáàsì tó ti gbó, kẹ́ ẹ so ó mọ́ okùn náà bí àwọn apẹja ṣe ń ṣe sí àwọ̀n wọn, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ jù ú sínú garawa omi, kẹ́ ẹ rí i pé ohun tẹ́ ẹ so mọ́ ọn tó láti gbé e léfòó.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ rẹ ọwọ́ yín sómi, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kan ṣí i. Ẹ mi ojú rẹ̀ wò. Ẹ ka orúkọ tó wà ní ìdí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì lò ó lójú ọ̀sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ kán epo màṣíìnì díẹ̀ sí ìdí rẹ̀.