Òjò Ń Rọ̀, À Ń Ra Omi: Bí Omi Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Ṣe Di Omi Àmù Lábúlé Ìbàdàn

Òjò ká mi mọ́ Lálúpọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan. Omi ń ya bọ̀ láti orí páànù, kò sí ẹni tó gbé abọ́ kankan sí i. Ọmọdékùnrin kan gba inú òjò náà kọjá, ó ru àpò píọ̀wọ́tà. Ìyá àgbà tó jókòó lórí àpótí mi orí: "Ẹ wò ó, òjò ń rọ̀, à ń ra omi. Láyé tiwa, ìyàwó tó bá jẹ́ kí irú òjò yìí lọ lásán, ìyá ọkọ rẹ̀ á pè é jókòó." Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: ìgbà wo ni àwọn ará oko wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbe omi ojú ọ̀run sínú àmù?

Rélùwéè dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, kòkó mówó wọlé, owó kòkó sì fi páànù rọ́pò koríko lórí ilé.

Lórí ọ̀rọ̀ páànù yìí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí mo bi. Bàbá àgbẹ̀ kan ní Ẹ̀rúnmu sọ fún mi pé páànù ló bí omi òjò mímu. Wọ́n ní omi orí koríko a máa pọ́n, a sì máa rùn èéfín, nítorí ọdún pípẹ́ ni èéfín ààrò ti fi ń rú sí i lára. Ta ni yóò fi se ọbẹ̀? Wọ́n ní ọjọ́ tí bàbá wọn kan páànù tán ni wọ́n la ọparun sí méjì, tí wọ́n gbá a mọ́ etí ilé, tí wọ́n sì gbé odù sí ẹnu rẹ̀. Gbogbo àdúgbò wá wò ó.

Nígbà tí mo mú ọ̀rọ̀ yìí padà sọ́dọ̀ ìyá Lálúpọn, inú bí wọn. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀ là ń gbe òjò!" Wọ́n ní àwọn ènìyàn ìyá wọn, tó ń dáko níhà Ìjàyè, máa ń sun àbà tó jìnnà sódò. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, wọ́n á so ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ìdí igi ńlá, wọ́n á jẹ́ kó dagun sọ́nà ìkòkò. Omi tó bá ń ṣàn bọ̀ lára igi á gba orí ewé lọ. Bàbá Ẹ̀rúnmu gbọ́, wọ́n ní omi ara igi korò. Ìyá dáhùn pé ẹni tí kò mọ igi ló máa so ó mọ́ igi olóje. Wọ́n fi kún un pé ẹ̀wà máa ń tètè rọ̀ nínú omi òjò ju inú omi kànga tó le lọ, ọṣẹ náà sì máa ń tètè hó. Ibẹ̀ yẹn ni bàbá ti gbà fún wọn, òótọ́ sì ni: òjò kì í ní èròjà inú àpáta tó ń mú kí omi le.

Ẹnu wọn tún kò lórí òfin kan: a kì í mu àkọ́rọ̀. Òjò yẹn ló ń fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn títí yóò fi mọ́ kí ẹ tó gbé àmù sí i. Èrè rẹ̀ kò kéré. Òjò mìlímítà 20 lórí páànù tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 6, lítà 1,200 ni, ìyẹn dírọ́ọ̀mù 6 tó ń gba lítà 200.

Ọ̀fẹ́ kọ́ ni irú omi yìí níbi gbogbo: ní ilẹ̀ òtútù, àwọn tó bá pàgọ́ sórí òkè nígbà tí odò ti dì máa ń bu òjò dídì sí ìkòkò, wọ́n á yọ́ ọ lórí iná kí wọ́n tó rí omi dáná. Òjò dídì náà fúyẹ́ débi pé nǹkan bí ìkòkò mẹ́wàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ló ń di ìkòkò omi kan, omi díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ kí ìkòkò má baà jó. Epo ìdáná ni wọ́n fi ń ra omi. Tiwa ti yọ́ kó tó balẹ̀, a sì ń wò ó kó lọ.

Omi òjò tiwa yìí ti gba ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn là lọ́wọ́ aràn sòbìà. Inú ọ̀gọ̀dọ̀ tí elégbò ẹsẹ̀ wọ̀ ni sòbìà ti ń wá. Omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kò ní in. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àmù gbẹ, tí gbogbo ilé padà sídìí ọ̀gọ̀dọ̀, ni àwọn ènìyàn ti máa ń gbé aràn náà mì nígbà náà, á sì yọ lẹ́sẹ̀ wọn ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi ẹ̀rọ láti ìsédò Aṣéjìrẹ́ ti ń lọ sígboro Ìbàdàn láti ọdún 1972, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ abúlé tó wà nítòsí kò rí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣí. Bọ́họ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún àwọn mìíràn ti dákẹ́. Ní Àkàǹràn, wọ́n ní ọ̀rá píọ̀wọ́tà ni ọkọ́ ń kó nínú ebè báyìí. Wọ́n tún ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò mu òjò bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó dá mi lójú ni pé owó tí ilé kan ń ná sórí omi ọlọ́rá láàárín oṣù òjò tó ra dírọ́ọ̀mù àti kọ́ọ̀tà etí ilé. Kí àwọn Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbe òjò láti orí páànù ilé ẹ̀kọ́ abúlé, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti lè kọ́ ohun tí ìyá wọn kò kọ́ wọn mọ́.