Kì Í Ṣe Sínóò Ló Yẹ Ká Bẹ̀rù Jù

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé bá wa ní Texas níbí, sínóò ló kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ó ti rí i nínú fíìmù, bó ṣe funfun báláú, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti ń bà á. Èmi a ní kó fi sínóò sílẹ̀ ná. Òjò kan wà tó ń bọ̀ wálẹ̀ bí omi, àmọ́ tó ń dì mọ́ ohunkóhun tó bá bà lé. Òun gan-an ni kó sá fún. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, ìdájí ni mo sì ń wakọ̀ jáde; ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Inú ìkúùkù tútù ni sínóò ti ń dì, hóró rẹ̀ a sì máa ní ìhà mẹ́fà. (Àgbẹ̀ kan ní Vermont, Wilson Bentley, ya fọ́tò hóró sínóò lọ́dún 1885, ó yà ju 5,000 lọ kó tó kú. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ wú mi lórí.) Tí òtútù bá gba gbogbo ọ̀nà láti òkè dé ilẹ̀, sínóò náà ló máa balẹ̀. Àmọ́ nígbà mìíràn, afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ a gba àárín kọjá, sínóò a sì yọ́ di omi níbẹ̀. Tí òtútù ìsàlẹ̀ bá nípọn, omi náà á tún dì kó tó dé ilẹ̀, á di hóró wínníwínní tó ń ró lórí ọkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń da gaàrí sórí páànù. Ìyẹn ṣì ń kéde ara rẹ̀. Tí òtútù ìsàlẹ̀ bá fẹ́lẹ́, omi ò ní ráyè dì lójú ọ̀nà. Á dé ilẹ̀ ní omi, omi tí òtútù rẹ̀ ti kọjá ibi tó yẹ kó dì. Bó bá ti kan irin, igi tàbí títì, ó dì.

Irin àtẹ̀gùn iwájú ilé àwọn tí mò ń tọ́jú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Á máa dán bíi pé omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí i lára. Kí n fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi á yọ̀ bọ̀rọ́. Yìnyín á ti bo ewé òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka á sì ti tẹ̀ kanlẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1998, òjò yìí rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ní Québec, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Yìnyín wúwo débi pé òpó irin gàgàrà tó gbé wáyà iná wó lulẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì wà láìsí iná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Tiwa níbí kò tó yẹn, ó sì pààyàn. Ní ìdájí ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2021, ó fọ́n díẹ̀ sórí títì I-35W ní Fort Worth. Ọkọ̀ tó lé ní 130 rọ́ lu ara wọn, èèyàn 6 sì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà lára àwọn tó há síbẹ̀. Orí afárá ló ti ṣẹlẹ̀: afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ lókè rẹ̀, ó tún ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dì ṣáájú títì tó wà lórí ilẹ̀.

Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìjì òtútù ńlá dé, iná lọ káàkiri Texas. Àwọn kan tan jẹnẹrétọ̀ nínú gáréèjì, àwọn kan dáná èédú nínú yàrá, èéfín sì pa wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo jẹnẹrétọ̀ nílé, ẹ mọ èyí: ìta ló ń gbé, bó ti wù kí òtútù mú tó.

Yìnyín tó ń bá àrá wá nílé, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Atẹ́gùn inú ìjì ló ń gbé e sókè, tí omi ń dì mọ́ ọn lára títí tó fi wúwo jù fún un. Níbí, ìgbà tí òtútù bá ti lọ ló wọ́pọ̀.

Wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí òtútù bá le jù, agbára rẹ̀ á dín kù. Nítorí náà, tí òjò bá ń rọ̀ tí òtútù sì ti dé 0 Celsius, mi ò ní gba orí afárá. Màá pe ọmọ màmá tí mò ń tọ́jú, màá ní kó fún wọn ní oògùn àárọ̀ wọn, pé ó di ìgbà tí títì bá yọ́ kí n tó dé.