Jíà fún Ọkọ̀ Orí Àpáta

Agbára ni ọkọ̀ fi ń gun àpáta, kì í ṣe eré. Nínú Jeep Wrangler Rubicon ti ọdún 2012 tí a ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀, jíà kìíní jẹ́ 4.46, jíà kékeré tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà líle jẹ́ 4, ti ìdí táyà sì jẹ́ 4.10. Ìsọdipúpọ̀ ni, kì í ṣe àròpọ̀: ẹ́ńjìnnì yóò yí bí ìgbà 73 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí jíà kékeré bá jẹ́ 2.72, kò ní ju 50 lọ. Bíréèkì ni awakọ̀ yóò sì gbára lé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, títí yóò fi gbóná. Jíà kékeré kì í dààmú ẹni lójú títì, nítorí a kì í lò ó níbẹ̀. Ti ìdí táyà ń bá ọkọ̀ lọ síbi gbogbo. Bí ó bá pọ̀ jù, epo ni yóò jìyà. Ẹni tí ó bá wọ táyà ńlá fún ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni kí ó pààrọ̀ rẹ̀.