Iṣan kì í tì, fífà ló ń fà



Ẹni tí ó kọ ebè láti àárọ̀ títí di ọ̀sán mọ̀ pé ẹ̀yìn ń ro òun. Ẹni tí ó fa omi kànga mọ̀ pé apá ń ro òun. Kí ni ó wà nínú ẹ̀yìn àti apá wa tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà? Báwo ni ó ṣe ń ṣe é? Èyí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò lè gbé ẹrù láìba ẹ̀yìn ara rẹ̀ jẹ́.

1. Eegun àti oríkèé

Eegun ni ó mú kí ara wa dúró, bí òpó ṣe ń mú kí ilé dúró. Àgbàlagbà ní eegun 206. Ṣùgbọ́n eegun kò lè ká. Bí apá wa bá jẹ́ eegun kan ṣoṣo láti èjìká títí dé ọwọ́, a kò ní lè fi òkèlè sí ẹnu. Nítorí náà ni eegun ṣe pọ̀, tí wọ́n sì pàdé ara wọn. Ibi tí eegun kan ti pàdé òmíràn ni à ń pè ní oríkèé.

Gbogbo oríkèé kò rí bákan náà. Ti orúnkún àti ti ìgbọ̀nwọ́ dà bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn: ó ń ṣí, ó sì ń padé. Ti èjìká àti ti ìbàdí dà bí ọmọ odó nínú odó: orí eegun kan rí roboto, ó wọ inú kòtò eegun kejì. Ìdí nìyí tí apá fi lè lọ sókè, sílẹ̀, síwájú àti sẹ́yìn, tí ó sì lè yí po. Kòtò ti ìbàdí jìn, kì í tètè yẹ̀. Kòtò ti èjìká kò jìn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà èjìká máa ń yẹ̀ ju ìbàdí lọ.

Ẹ wo orí eegun ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ohun funfun kan bò ó tí ó ń dán, tí ó sì ń yọ̀. Ara tiwa náà ní in. Omi díẹ̀ tí ó ń yọ̀ bí funfun ẹyin sì wà nínú oríkèé. Iṣẹ́ tí epo ń ṣe nínú kẹ̀kẹ́ ni omi yìí ń ṣe, kí eegun má bàa máa họ ara wọn.

2. Iṣan àti iṣẹ́ rẹ̀

Ilẹ̀kùn kì í ṣí fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ni yóò fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkèé kò lè ká fúnra rẹ̀. Iṣan ni ó ń fà á.

Bí a bá sọ pé iṣan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ni à ń wí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, iṣan ni ẹran pupa ara, irú èyí tí à ń jẹ lára ewúrẹ́ àti màlúù. Ó ju 600 lọ nínú ara ènìyàn. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ẹran náà di okùn funfun tí ó le, okùn yìí ni ó so ó mọ́ eegun. Ẹ fi ìka méjì di ẹ̀yìn ẹsẹ̀ yín mú, lókè gìgísẹ̀ díẹ̀. Okùn líle tí ẹ fọwọ́ bà yẹn ni ó nípọn jù lọ nínú wọn.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni iṣan mọ̀: ó ń súnkì. Bí ó bá súnkì, ó kúrú, ó sì fa eegun. Kò mọ bí a ti ń ti nǹkan. Ó dà bí okùn kànga. A lè fi okùn fa garawa sókè, ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi okùn ti garawa sísàlẹ̀?

Báwo wá ni apá tí ó ti ká ṣe ń nà padà? Iṣan méjì ni ó ń ṣe é. Ẹ fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún yín mú, láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. Ẹ ká apá ọ̀tún bí ẹni tí ó fẹ́ jẹ òkèlè. Ẹran iwájú apá yóò wú, yóò sì le. Òun ni ó ń fà. Nísinsìnyí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tẹ itan yín mọ́lẹ̀ gidigidi. Ẹran ẹ̀yìn apá ni yóò le. Bí ọ̀kan bá ń fà, èkejì á dẹ̀. Wọ́n dà bí lagilagi méjì tí ń fa ayùn: èyí fà, èkejì tẹ̀lé e; èkejì fà, èyí tẹ̀lé e.

Àní nígbà tí a bá ń ti ọkọ̀ tí ó rì sínú ẹrẹ̀, fífà ni iṣan ń fà. Iṣan ẹ̀yìn apá ń fa apá kí ó nà, iṣan iwájú itan ń fa ẹsẹ̀ kí ó nà.

3. Ta ni ó ń rán iṣan níṣẹ́?

Ọpọlọ ni. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ti inú ọpọlọ wá, ó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn, òmíràn sì ti ibẹ̀ lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn iṣan. Bí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kò bá dé, iṣan kò ní súnkì, bí ó ti wù kí ó lágbára tó.

Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní polio, máa ń ba ìdí fọ́nrán yìí jẹ́ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ọmọ ṣì wà, eegun wà, oríkèé wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń rán iṣan níṣẹ́ mọ́. Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ a sì rù. Kò sí oògùn tí ó lè wo àrùn náà sàn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu lè dènà rẹ̀. Bí wọ́n bá dé abúlé yín, ẹ gbé ọmọ jáde.

4. Ìdí tí ẹrù fi ń ba ẹ̀yìn jẹ́

Ẹ lọ sí ìdí ilẹ̀kùn. Ẹ fi ọwọ́ sí i nítòsí àgbékọ́ rẹ̀, kí ẹ gbìyànjú láti ṣí i. Yóò wúwo. Ẹ wá di etí rẹ̀ mú. Yóò fúyẹ́. Ibi tí ó wúwo yẹn gan-an ni iṣan ti ń fà, nítorí nítòsí oríkèé ni ó so mọ́ eegun.

Iṣan iwájú apá so mọ́ eegun ní nǹkan bíi sàǹtímítà 5 sí ìgbọ̀nwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ jìnnà tó sàǹtímítà 35, èyí jẹ́ ìlọ́po 7. Nítorí náà, bí ẹ bá ká apá tí ẹ gbé iṣu kílò 5 sí àtẹ́lẹwọ́, iṣan náà ń fà bí ẹni tí ó gbé kílò 35.

Ẹ̀yìn náà rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn wà létí ọ̀pá ẹ̀yìn gan-an. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìká orúnkún, tí a na ọwọ́ gbé àpò àgbàdo tí ó jìnnà sí wa, iṣan ẹ̀yìn yóò fa ìlọ́po ìlọ́po ẹrù náà, pẹ̀lú orí àti àyà wa tí ó tẹ̀ síwájú. Àwọn eegun ọ̀pá ẹ̀yìn yóò fún ara wọn mọ́ra. Ohun rírọ̀ bí ìrọ̀rí kékeré wà láàárín wọn. Ó lè ya, kí ó sì tẹ fọ́nrán tí ń lọ sí ẹsẹ̀. Ìrora rẹ̀ lè dá ènìyàn dúró láti oko fún ọjọ́ pípẹ́.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

— Ẹ sún mọ́ ẹrù kí ẹ tó gbé e.
— Ẹ ya ẹsẹ̀, ẹ ká orúnkún, kí ẹ sì fi agbára itan dìde. Iṣan itan tóbi púpọ̀.
— Ẹ fa ẹrù mọ́ àyà. Bí ẹ bá fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi yí, ẹ má ṣe lọ́ ìbàdí.
— Bí ẹrù bá wúwo, ẹ pe ẹnìkejì kí ó gbé e rù yín, kí ó sì bá yín sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.
— Bí oríkèé bá yẹ̀ tàbí tí ó wú lẹ́yìn ìṣubú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Ẹ fi aṣọ dì í bí ó ti wà, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.
— Bí ẹ̀yìn bá ń ro yín, tí ẹsẹ̀ sì ń kú tàbí tí ẹ kò lè tọ̀ dáadáa mọ́, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ lọ bá dókítà.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Kí ni oríkèé? Ẹ fọwọ́ kan márùn-ún lára yín, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn.
2. Kí ló dé tí iṣan kan ṣoṣo kò fi lè ká apá kí ó sì tún nà án?
3. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú garawa. Ẹ nawọ́ gbé e síwájú, lẹ́yìn náà ẹ gbé e mọ́ àyà. Èwo ni ó fúyẹ́? Kí ni ìdí rẹ̀?