Kí Ló Ń Mú Abẹ́rẹ́ Gírámafóònù Bàbá Àgbà Fò?

Ẹni tó bá ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin Òṣòdì bíi tiwa mọ̀ pé kọ́ọ̀bù orí tábìlì máa ń gbọ̀n kí ọkọ̀ tó fọn fèrè. Láti 2024 tí Red Line ti ń dúró níbẹ̀, ó tún wá pọ̀ sí i.

Bàbá àgbà mi ní gírámafóònù àti àwo Ebenezer Obey mẹ́tàdínlógún. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá, abẹ́rẹ́ á fò, á sì fa ilà sára àwo. Méjì ti bàjẹ́. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀rọ wá ní kí wọ́n ra ẹsẹ̀ rọ́bà mẹ́rin fún gírámafóònù, mẹ́rin fún ámpílífáyà, pé ohùn á mọ́ gaara. Owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó WAEC mi! Mo ní kí wọ́n ní sùúrù ná.

Ọ̀nà tóóró kan ló yí ojú àwo ká bí ìkarahun ìgbín. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà rí kọ́lọkọ̀lọ; bí abẹ́rẹ́ ṣe ń tọ̀ ọ́ ló ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ló ń di iná mànàmáná tí ámpílífáyà ń sọ di ńlá. Abẹ́rẹ́ ò mọ èyí tó ti ara àwo wá yàtọ̀ sí èyí tó ti ilẹ̀ wá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á wọlé bíi "hùùù". Ẹ má gbé sípíkà sórí tábìlì kan náà o, á máa ké bí ajá.

Ámpílífáyà ńkọ́? Kò sóhun tó ń rìn nínú tiwa. Mo kọjú sí ògiri, àbúrò mi ń ki fóòmù bọ abẹ́ ẹ̀, ó ń yọ ọ́, èmi ń sọ èyí tó jẹ́. Nínú 10, mo gba 5. Ẹni tó ń ta kọ́bọ̀ sókè náà á gba 5. (Rédíò àtijọ́ tó ní gílóòbù nínú yàtọ̀ o: ẹ ta gílóòbù ẹ̀ ní ìka, ẹ máa gbọ́ ọ nínú sípíkà.)

Fóòmù mátírẹ́ẹ̀sì ni mo kọ́kọ́ fi sábẹ́ gírámafóònù. Ó rọ̀ jù, ó ń jó bí ọkọ̀ ojú omi. Mo wá gé fóòmù líle sí igun mẹ́rin, mo gbé òkúta ìtẹ́lẹ̀ wúwo lé e, gírámafóònù sì dúró lórí ẹ̀. Ohun tó wúwo kì í tètè gbọ̀n. "Hùùù" jẹnẹrétọ̀ ti lọ. Ti ọkọ̀ ojú irin dín kù, kò tán pátápátá, torí gbígbọ̀n tiẹ̀ lọ́ra, ó sì lágbára. Bàbá ti gbọ́n báyìí: bí kọ́ọ̀bù bá ti ń gbọ̀n, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ sókè, wọ́n á dúró.